Desert rose lórí òkìtì òkúta: bí ẹ ṣe lè gbìn ín ní Abuja kí òjò má pa á

Òjò oṣù kẹjọ ló ń pa desert rose ní Abuja, ọ̀dá kọ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Igi òdòdó kékeré tí ìdí rẹ̀ wú ni, Adenium obesum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Láti Senegal títí dé Sudan, títí lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, àárín àpáta àti orí yanrìn ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ tó wú yẹn ló ń tọ́jú omi pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé oṣù méjì sí mẹ́ta láìrí omi. Ṣùgbọ́n tí omi bá dúró yí gbòǹgbò rẹ̀ ká fún ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá nígbà tí oòrùn ò ràn, ìdí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú, ojú ò sì ní tètè rí i. Nígbà tí ewé bá fi máa pọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé orí òkìtì òkúta ló yẹ ká máa gbìn ín sí, tàbí inú ìkòkò tí ihò ìdí rẹ̀ tóbi. Ilẹ̀ pupa Kubwa àti Lugbe le, omi kì í tètè gbà á kọjá. Tí ẹ bá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ tí ẹ sì ri igi yìí síbẹ̀, omi òjò láti gbogbo àyíká á wá kún inú ihò náà, á sì jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta.

Májèlé ni oje rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ti èyí kúrò nílẹ̀ ná. Oje funfun tó ń jáde lára desert rose ní májèlé tó ń ba iṣẹ́ ọkàn jẹ́. Òun ni àwọn ọdẹ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà máa ń fi ṣe oró ọfà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gé e tàbí tú u, ẹ má fọwọ́ kan ojú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré ò ní tó. Bí ọmọ bá jẹ ewé tàbí òdòdó rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ẹ̀ka igi náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ. Ẹ má jókòó ti epo pupa tàbí mílíìkì.

Èyí tí ẹ máa rà

Inú náílọ́ọ̀nù dúdú tàbí ike kékeré ni àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì sábà máa ń kó o sí, pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú tó ń di omi mú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí igi náà yíká, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tó ti wọ ilẹ̀. Ó yẹ kó le. Bí ibì kan bá rọ̀ tàbí tó jìn wọnú, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí òdòdó orí rẹ̀ dára tó. Ẹ yí ewé rẹ̀ wò lábẹ́, kí ẹ sì wo kọ̀rọ̀ ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Tí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú níbẹ̀, kòkòrò ni.

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan hù láti inú irúgbìn, òdòdó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú funfun láàárín. Èkejì ni èyí tí wọ́n gé lórí tí wọ́n sì so ẹ̀ka igi mìíràn mọ́ ọn, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní grafted. Ẹ máa rí àpá ibi tí wọ́n ti so ó, níbi tí àwọ̀ èèpo ti yí padà lójijì. Lára èyí ni ẹ ti máa rí òdòdó pupa dúdú, òdòdó ìyeyè, àti èyí tó ṣẹ́ léra ní ìpele méjì mẹ́ta. Púpọ̀ nínú irú wọn, Thailand àti Taiwan ni wọ́n ti mú un jáde, owó wọn sì ga.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó hù láti inú irúgbìn ni kó rà. Ìdí rẹ̀ máa ń wú dáadáa, ara rẹ̀ le, bí ẹ̀ka kan bá sì kú, èyí tó bá hù padà á tan òdòdó kan náà. Tí grafted bá kú wá sí ìsàlẹ̀ àpá, òdòdó tí ẹ torí rẹ̀ náwó ti lọ nìyẹn, igi abẹ́ rẹ̀ ló kù sí yín lọ́wọ́.

Oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ló dára jù láti gbìn ín. Ooru ti dé, igi ti jí lẹ́yìn ọyẹ́, òjò ńlá ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rà á nínú ọyẹ́, kó fi sílẹ̀ nínú ike tó bá a nínú rẹ̀ títí ooru á fi dé, kó má sì fún un lómi púpọ̀. Ẹni tó bá rà á láàárín òjò, kó tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ kan náà. Ilẹ̀ dúdú tó bá a wá yẹn ò ní jẹ́ kó rí oṣù kẹwàá.

Òkìtì

Ẹ wá ibi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí 6 ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbójú sókè. Ṣé ọ̀ṣọ̀rọ̀ òrùlé ò ní máa dà sí i lórí? Ṣé táǹkì omi ò ní máa kún ya síbẹ̀? Ṣé omi AC ò ní máa kán sí i? Omi AC yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán, gbòǹgbò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò sì ní gbẹ rí.

Òkìtì tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀, máa gba igi márùn-ún dáadáa. Ẹ ha koríko àti ilẹ̀ òkè kúrò, nǹkan bíi 15 cm. Ẹ fi díígà tú ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó dagẹ̀rẹ́ sí apá ibi tí gọ́tà wà. Ẹ má fojú kéré ìdagẹ̀rẹ́ yìí. Tí abẹ́ òkìtì bá tẹ́jú tàbí tó jìn, omi á kàn gba inú òkúta kọjá lọ jókòó sísàlẹ̀, gbòǹgbò á sì lọ bá a níbẹ̀.

Lórí èyí ni kí ẹ kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta ńlá sí, kó ga tó 20 cm. Ẹ má fi ilẹ̀ dí àárín wọn, àlàfo yẹn ni omi máa gbà jáde. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kàn, 5 cm, kí yanrìn má baà já wọnú àlàfo. Lẹ́yìn náà ni àdàlù tí igi máa wà nínú rẹ̀, 25 sí 30 cm láàárín, kó máa rẹlẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bárò 10 sí 12 ni àdàlù tí òkìtì yìí máa gbà. Àwọn òkúta ńlá tí ẹ fẹ́ fi ṣe é lẹ́wà, ẹ rì wọ́n wọnú àdàlù dé ìdámẹ́ta gíga wọn kí òjò má baà yí wọn kúrò. Òkúta gíránáìtì Mpape ló bá ìlú yìí mu jù lójú wa. Òun náà ni òkúta tí ẹ ń rí lára àwọn òkè tó yí Abuja ká.

Àdàlù

Ìwọ̀n kan náà ni, ìbáà jẹ́ orí òkìtì tàbí inú ìkòkò. Korobá kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀:

- yanrìn, korobá 5
- òkúta wẹ́wẹ́ tó jẹ́ mílímítà 3 sí 6, korobá 2
- èèpo ìrẹsì tí a ti jó dúdú, korobá 2
- ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ tó sì ti di ilẹ̀, korobá 1

Yanrìn tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sharp sand ni a ń wí. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ò dára, ó kúná jù. Sharp sand pàápàá tí típà ń já sílẹ̀ máa ń ní amọ̀ nínú, nítorí náà ẹ dán an wò kí ẹ tó lò ó. Ẹ bu ìkúnwọ́ mẹ́ta sínú ike omi tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ rọ omi kún un, ẹ mì í tìtì, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Yanrìn á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi náà á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, díẹ̀díẹ̀ ẹrẹ̀ á wá bo yanrìn lórí. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá ga ju mílímítà 3 lọ, ẹ kó yanrìn sínú páànù bíríkìlà, ẹ máa fi omi fọ̀ ọ́, ẹ máa da omi ẹrẹ̀ nù, títí omi ojú rẹ̀ á fi mọ́.

Òkúta wẹ́wẹ́ wà ní ọjà Dei-Dei àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Mpape. Bó bá jẹ́ stone dust ni wọ́n kó fún yín, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ìyẹ̀fun tó bá jò sílẹ̀, ẹ dà á nù. Èyí tó kù lórí asẹ́ ni a fẹ́. Ìyẹ̀fun yẹn máa ń di pọ̀ tó bá rin tó tún gbẹ, gbòǹgbò ò sì ní ráyè mí.

Èèpo ìrẹsì, ẹ lọ béèrè níbi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì. Ẹ jó o títí yóò fi dúdú, kí ẹ sì bu omi pa iná rẹ̀ kó tó di eérú funfun. Èyí tó dúdú fúyẹ́, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ ò bá jó rárá á máa jẹrà nínú ìkòkò, oúnjẹ tó yẹ kí igi rí jẹ ló sì máa fi ṣe é. Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Ó gbóná jù, ó máa ń jó gbòǹgbò.

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ kó àdàlù yìí sínú ìkòkò tó fẹ̀ ní 20 cm, ẹ bu lítà omi kan sí i lójijì. Bí omi bá ṣì dúró lójú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ka ení dé ẹ̀wá, ẹ fi yanrìn àti òkúta kún un.

Ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ilẹ̀, ìkòkò ni yóò lò. Ìkòkò amọ̀ tí wọn ò fi nǹkan kùn ló dára jù, torí ara rẹ̀ ń mu omi jáde. Kó fẹ̀ ju kó jìn lọ. Ìkòkò tó jìn máa ń tọ́jú omi sí ìdí níbi tí gbòǹgbò ò tíì dé. Ẹ lu ihò mẹ́rin ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìka ọwọ́, kí ẹ sì fi àfọ́kù òkúta mẹ́ta gbé ìkòkò náà kúrò nílẹ̀. Àwo tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìkòkò kí omi má ba ilẹ̀ jẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò láti oṣù karùn-ún títí òjò á fi lọ.

Gbígbìn

1. Ẹ dáwọ́ omi dúró fún ọjọ́ 5 ṣáájú. Gbòǹgbò tó gbẹ kì í ṣẹ́ bíi ti èyí tó rin.

2. Ẹ ya náílọ́ọ̀nù, ẹ gbọn ilẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi omi ṣan èyí tó kù títí ẹ ó fi rí gbogbo gbòǹgbò. Ẹ má ṣojú àánú sí ilẹ̀ dúdú àárín gbòǹgbò. Bó bá kù síbẹ̀, ibẹ̀ ni omi máa sá sí.

3. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ tàbí bíléèdì. Gbòǹgbò tó dúdú tàbí tó rọ̀, ẹ gé e títí ẹ ó fi kan ara funfun tí kò ní àmì kankan. Ẹ nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé ìdámẹ́ta wọn kúrò.

4. Ẹ lọ èédú kúnná, ẹ fi pa ojú gbogbo ibi tí ẹ ti gé. Ẹ fi okùn so igi náà kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà, lábẹ́ òjìji, fún ọjọ́ 5 sí 7. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì le kó tó kan ilẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ìjẹrà ti ń wọlé.

5. Ẹ gbé e lé orí òkìtì, kí ìdí tó wú náà yọ sókè 2 sí 3 cm ju bó ṣe wà nínú náílọ́ọ̀nù lọ. Ẹ na gbòǹgbò rẹ̀ káàkiri lórí òkúta pẹlẹbẹ kan kí ẹ tó da àdàlù bò wọ́n. Èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí wọ́n wọlẹ̀ lọ. Ẹ fi òkúta méjì há a kí atẹ́gùn má mì í. Àlàfo 50 cm ni kó wà láàárín igi kan àti èkejì.

6. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú gbogbo òkìtì, 2 cm, kí òjò má baà máa ta ẹrẹ̀ sí ìdí igi. Ẹ má bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan.

Oòrùn náà lè jó o. Ìdí tí ilẹ̀ ti ń bò tẹ́lẹ̀ ò mọ oòrùn oṣù kẹta Abuja. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí àpò ìrẹsì tí a ti tú ṣíji bò ó láti aago 12 sí aago 4 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ tó tú u níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjú sí oòrùn níbi tuntun náà.

Omi, láti ìgbà dé ìgbà

Ẹ má fi ojú ilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún sùyà, ẹ tì í wọlẹ̀ 10 cm, kí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ. Bó bá yọ ní gbígbẹ tí yanrìn kankan ò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ bomi rin igi náà títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀. Bó bá rin, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, èyí tó wà nínú ìkòkò á máa gba omi ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, ti orí òkìtì ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láti oṣù karùn-ún, òjò á gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín.

Oṣù keje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án ni kí ẹ dúró tì í. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi kàn án rárá. Ẹ gbé àwọn tó wà nínú ìkòkò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn ṣì ti ń dé. Fún òkìtì, ẹ ri òpó mẹ́rin, ẹ ta náílọ́ọ̀nù tó mọ́lẹ̀ sí i lórí kó ga tó mítà kan àbọ̀, kó dagẹ̀rẹ́ sí ẹ̀yìn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ṣíṣí. Èyí tí wọ́n bá fi náílọ́ọ̀nù wé pa, ooru àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ á pa á kíá ju òjò lọ. Ní gbogbo ìgbà yìí, ẹ máa fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Tí ọyẹ́ bá dé, ewé á máa pọ́n, á máa já. Kò sí ewu níbẹ̀ tí ìdí bá ṣì le. Igi náà ń sinmi ni. Omi díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra tó o. Omi tí ẹ bá dà sí i lọ́pọ̀ nítorí pé ewé ń já ló máa ń pa á nígbà yìí, torí gbòǹgbò tó ń sùn kò mu omi.

Jos ga, òtútù rẹ̀ le ju ti Abuja lọ. Níbẹ̀, ẹ dáwọ́ omi dúró pátápátá láti oṣù kejìlá dé òpin oṣù kìíní, kí ẹ sì máa gbé ìkòkò wọlé lálẹ́. Àwọn tó ń gbé Sokoto tàbí Maiduguri ni desert rose rọ̀ lọ́rùn jù: òjò wọn kúrú, ilẹ̀ wọn níyanrìn. Níbẹ̀, ẹ lè dín gíga òkìtì náà kù sí ìdajì.

Ajílẹ̀ àti gígé

NPK 15-15-15 tó. Ìdajì ṣíbí kékeré fún ìkòkò tó fẹ̀ ní 25 cm, ṣíbí ìjẹun kan fún igi orí òkìtì, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní oṣù kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkẹwàá. Ẹ wọ́n ọn sí 20 cm jìnnà sí ìdí igi, tàbí sí etí ìkòkò, kí ẹ sì bomi rin ín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe é láàárín òjò ńlá. Ajílẹ̀ pẹ̀lú omi púpọ̀ á mú kí ẹ̀ka gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kó rọ̀, òun sì ni ìjẹrà máa kọ́kọ́ mú.

Desert rose tí a ò gé á ga lọ sókè, á sì máa tan òdòdó méjì mẹ́ta lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó ti ń jáde, nítorí náà, bí ẹ̀ka bá ṣe pọ̀ tó ni òdòdó á ṣe pọ̀ tó. Ní òpin oṣù kejì, nígbà tí ooru ti ń padà dé, ẹ gé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó ku 10 sí 15 cm láti orí ìdí tó wú. Ẹ jẹ́ kí ojú gígé dagẹ̀rẹ́ kí omi má dúró lé e. Ẹ̀ka méjì sí mẹ́rin á yọ lábẹ́ ojú gígé kọ̀ọ̀kan, òdòdó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ní nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gé e nígbà òjò láéláé, ojú ọgbẹ́ ò ní gbẹ.

Àwọn ẹ̀ka tí ẹ gé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ sì gún wọn sínú yanrìn. Wọ́n á hù, wọ́n á sì tanná, ṣùgbọ́n ìdí wọn kì í sábà wú bíi ti èyí tó hù láti inú irúgbìn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló tọ́ sí wọn, wọn ò yẹ orí òkìtì.

Lẹ́yìn ọdún méjì méjì, ní oṣù kẹta, ẹ tún tú èyí tó wà nínú ìkòkò, kí ẹ sì gbé e ga sókè 2 cm sí i. Báyìí ni ìdí tó wú náà ṣe ń hàn sí gbangba díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá sí i. Ẹni tó bá gbé e sókè 10 cm lẹ́ẹ̀kan, igi náà á ṣubú, oòrùn á sì jó gbòǹgbò rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ irúgbìn tiyín

Ó ṣọ̀wọ́n kí desert rose so fúnra rẹ̀ nínú ọgbà, nítorí pé ibi tí ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ wà fara pamọ́ gan-an. Ìyẹ̀fun igi kan kì í sì í sábà mú igi kan náà so. Igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ nílò. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ẹ fi bíléèdì la ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀fun òdòdó náà dé ìsàlẹ̀. Ẹ máa rí ohun kan tó ṣù jọ ṣóńṣó láàárín, tí irun gígùn márùn-ún yọ lórí rẹ̀. Inú ohun yìí, lápá òkè, ni ìyẹ̀fun ìyeyè wà. Ẹ fi ẹnu igi ìtayín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà á jáde díẹ̀, kí ẹ lọ tì í bọ inú ṣóńṣó ti igi kejì láti àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe òdòdó mẹ́wàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa mú.

Èyí tó bá mú á so èso méjì tó kọ ẹ̀yìn síra, wọ́n á sì gbó láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ tètè fi òwú ìránṣọ so wọ́n ní ibi mẹ́ta, torí pé irúgbìn kọ̀ọ̀kan ní irun ní orí àti ìdí. Bí èso bá là tí ẹ ò sí nílé, atẹ́gùn á gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ gbìn wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn kì í pẹ́ ṣá. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ tẹ́ wọn ní ìdùbúlẹ̀ sórí yanrìn tí a fi èèpo ìrẹsì jíjó dàpọ̀ mọ́ dọ́gbadọ́gba, kí ẹ sì fi yanrìn bò wọ́n ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Nínú ooru oṣù kẹta, wọ́n á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa fọ́n omi sí wọn, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọrùn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù bá ń tẹ̀ tí wọ́n ń dùbúlẹ̀, omi pọ̀ jù, atẹ́gùn sì kéré jù. Nígbà tí wọ́n bá ní ewé mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ pín wọn sí ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òdòdó àkọ́kọ́ á gbà tó ọdún kan sí méjì, àwọ̀ rẹ̀ sì lè má jọ ti ìyá rẹ̀ rárá.

Ohun tó ń ṣe é

Ìdí rọ̀, ewé ń pọ́n láàárín òjò: ìjẹrà ni. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ tú u. Ẹ gé gbogbo ibi tó ti di àwọ̀ kọfí títí ẹ ó fi kan ara funfun, ìbáà jẹ́ ìdajì ìdí náà ló máa lọ. Ẹ fi èédú tàbí mancozeb, oògùn tó ń dènà ìjẹrà, pa á, kí ẹ so ó kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún un gbìn. Bí ìjẹrà bá ti dé ọrùn rẹ̀, ẹ̀ka tó bá ṣì mọ́ nìkan ni kí ẹ gé pamọ́.

Ìdí hunjọ, ewé sì rọ jọwọrọ: ó lè jẹ́ òùngbẹ, ó sì lè jẹ́ pé gbòǹgbò ti kú. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan dáadáa. Bó bá jẹ́ òùngbẹ, á gbé ara dìde láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá dìde, ẹ má fi omi kún omi. Ẹ tú u wò.

Ewé tútù yọ̀yọ̀ ṣùgbọ́n kò tanná: oòrùn ò tó, tàbí ajílẹ̀ pọ̀ jù, tàbí ẹ ò gé e.

Kòkòrò ìyeyè wẹ́wẹ́ tó ṣù jọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, tí èèrà sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀: ẹ po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi àti ṣíbí kékeré kan òróró dóńgóyárò sínú lítà omi kan. Ẹ fọ́n ọn sí i nírọ̀lẹ́, torí bí oòrùn bá bá òróró lára ewé, á jó ewé. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn funfun bí òwú yẹn, òwú tí a tẹ̀ bọ sípíríìtì ni kí ẹ fi nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọyẹ́, bí ewé tó kù bá ń ṣì tí ohun bí òwú aláǹtakùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò wẹ́wẹ́ ló ta á; omi lásán tí ẹ bá ń fọ́n sábẹ́ ewé láràárọ̀ á lé wọn, á sì fọ eruku kúrò pẹ̀lú.

Èyí tó máa ń dẹ́rù bani jù ni kòkòrò tútù ńlá kan, tó tó ìka ọwọ́, tó ní àmì búlúù méjì bí ojú nítòsí orí. Ọmọ labalábá òru tí wọ́n ń pè ní Daphnis nerii ni. Májèlé igi yìí kì í ṣe é ní nǹkan kan, ó sì lè jẹ gbogbo ewé tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ kò nílò oògùn. Ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ igi: ìgbẹ́ dúdú roboto tó bá wà níbẹ̀ á fi hàn yín pé ó wà lókè. Ẹ tan iná wò ó lálẹ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n. Igi náà á tún rú ewé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i títí ewé tuntun yẹn á fi gbó.